Ẹsẹ̀ Ọ̀tún Bàbá Mi

Ìsẹ́yìn, Ọjọ́bọ̀, oṣù Kẹta, 1979

Wọ́n á gé ẹsẹ̀ Bàbá mi lọ́la ní Ìbàdàn. Ẹsẹ̀ tí wọ́n ti fi ń tẹ òfi láti kékeré.

Alùpùpù ló gbé wọn ṣubú lọ́nà Òkàká lọ́sẹ̀ tó kọjá, eegun ọrùn ẹsẹ̀ wọn sì dá. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá sí ọsibítù tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní atoegun ti tó àwọn. Ìyẹn fi ọ̀pá àti okùn dì í. Ẹsẹ̀ ń wú, ẹnikẹ́ni ò dẹ okùn.

Nígbà tí mo tú u lónìí, àwọn ọmọ ìka ti dúdú, wọ́n tutù. Mo fún àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wọn mọ́wọ́.

"Bàbá, èwo ni mo dì mú yìí?"

"Kọ́kọ́ dì í mú ná, kí n tó sọ."

Eegun ì bá jinná. Ẹ̀jẹ̀ tí kò ráyè kọjá ló pa ẹsẹ̀ náà.

Èmi ni mo sọ fún wọn nírọ̀lẹ́ pé gígé ló kù. Wọ́n wá ní kí Làmídì, àbúrò wọn, bá àwọn hun aṣọ tó kù lórí òfi parí, kó sì kó òfi náà lọ sílé tirẹ̀.