Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Wá Kí Yín

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn, ẹ kú ìsinmi o,

Prámárì ni mo kà mọ, ẹ bá mi fojú fo àṣìṣe. Ìtọ̀ ṣúgà tó pa yín ti dé ẹsẹ̀ èmi náà. Ẹsẹ̀ òsì, bíi tiyín gẹ́lẹ́. Ṣé ogún tí ẹ fi sílẹ̀ fún mi nìyẹn? Àbúrò mi gba ilẹ̀ oko, èmi gba egbò.

Dókítà ní kí n jẹ́ kí àwọn gé e láti orúnkún kó tó gun òkè. Rámátù ọmọ mi, tó ń ta ìrẹsì ní ọjà Ipata, sunkún títí, mo kọ̀. Mo ní bí ẹ ṣe lọ lódindi ni èmi náà máa lọ. Tùràrí tí ẹ máa ń sun kí àlejò má baà gbóòórùn egbò yín, òun ni mò ń sun báyìí. Ilé ń ta sánsán, ẹsẹ̀ ń jẹrà.

Níbi tí mo ti lọ wẹ egbò ní ọsibítù ni akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì méjì ti bá mi, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Oyè kejì ni wọ́n ń gbà. Wọ́n ń ṣèwádìí ohun tí àìsàn tí kì í lọ bọ̀rọ̀ ń fi ọkàn èèyàn ṣe, àti bóyá ẹni tó rí ẹni bá sọ̀rọ̀ máa ń fara dà á ju ẹni tí kò rí lọ. Ẹ mọ̀ mí. Mo kọ́kọ́ bi ọkùnrin náà pé ìgbà wo ló máa fẹ́ obìnrin yẹn, ojú ti àwọn méjèèjì. Wọ́n wá bi mí pé ta ni mò ń finú hàn tí ìrora bá pọ̀. Mo ní bàbá mi ni. Wọ́n wo ewú orí mi, wọ́n wo ẹnu mi tí eyín ti ṣí kúrò. Wọ́n ní ṣé bàbá ṣì wà? Mo ní wọ́n wà nílé, àgbàlá ni wọ́n ń gbé. Inú wọn dùn. Wọ́n ní àwọn máa wá kí yín.

Wọ́n wá lóòótọ́, wọ́n gbé ọsàn dání fún yín. Mo mú wọn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, mo fi sàréè yín hàn wọ́n, mò ń retí kí a jọ rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Obìnrin náà kò rín. Ó kúnlẹ̀, ó kí yín bí wọ́n ṣe ń kí alààyè, ó gbé ọsàn kalẹ̀, ó wá bi mí jẹ́jẹ́ pé:

"Bàbá, kí ni Bàbá àgbà sọ nípa ẹsẹ̀ yín?"

Ẹ ò sọ nǹkan kan, Bàbá. Gbogbo bí mo ṣe ń jókòó tì yín rojọ́, ẹ ò dá mi lóhùn rí. Rámátù tó ń dáhùn, òun ni mò ń sá fún.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń fi orúkọ àwọn ọmọ mi pe ìka ẹsẹ̀ yín, tí wọ́n á máa jà sí àtàǹpàkò? Nígbà tí ìka tó ń jẹ́ Rámátù dúdú, tó já, ẹ ní ó rìnrìn àjò. Ọmọ yẹn ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Èmi ni mo wẹ̀ yín lọ́jọ́ tí ẹ kú. Lódindi kọ́ lẹ lọ.

Mo ti pe Rámátù pé mo gbà. Ó palẹ̀ ìrẹsì rẹ̀ mọ́ lójú ẹsẹ̀, ó ń bọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé ó yẹ kí n ti gbà tipẹ́?

Àfáà ní sísin ni wọ́n ń sin ohun tí wọ́n bá gé lára Mùsùlùmí. Ẹ̀gbẹ́ yín ni mo ní kí wọ́n sin ẹsẹ̀ mi sí, níbi tí obìnrin yẹn gbé ọsàn sí. Ẹ sún fún un díẹ̀. Tó bá rùn, ẹ fara dà á, èmi náà fara da tiyín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ránṣẹ́ pe ìyókù.

Èmi ni, ọmọ yín aláròyé, tí yóò ṣì máa fẹ́ràn yín lórí ẹsẹ̀ kan.