Etí Tí Ẹ Máa Ń Fà

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú àtijọ́. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ ní Ẹdẹ. A ti fi bẹẹrẹ tuntun bo ilé ìdáná yín, ọsàn tí ẹ gbìn sẹ́yìn rẹ̀ sì ti so. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni mo ṣì wà, tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Òyìnbó.

Lánàá, ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n máa ń fi rọ́pò ara wọn ni mo kọ sára pátákó: remember àti remind. Ọmọ kan kọ ọ́ pé òun remember ìyá òun kó ra iyọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé ìyá rẹ̀ ti kú ni tó fi ń rántí rẹ̀. Mo ní kí wọ́n dákẹ́. Mo ṣàlàyé pé ẹnìkan ṣoṣo lè jókòó kó remember, ṣùgbọ́n èèyàn méjì ni remind ń gbà: ẹni tó mọ̀, àti ẹni tó fẹ́ gbàgbé. Mo ní kí wọ́n wo ìyá tó ń rán ọmọ lọ sọ́jà. Kí n tó sọ ọ́ tán, ọwọ́ mi ti lọ sí etí mi.

Ṣé ẹ rántí? Etí òsì mi lẹ máa ń fà, fẹ́rẹ́, kí ẹ tó sọ ohun tí n kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ẹ fà á ní ìdíkọ̀ rélùwéè lọ́jọ́ tí mo ń lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà, níṣojú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí irùngbọ̀n ti hù lágbọ̀n wọn. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dé Ìbàdàn.

Nígbà tó yá, etí ara yín lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ẹ ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ẹ ó di etí mú, ẹ ó máa wá ohun tí ẹ fẹ́ ṣe. Orúkọ mi ló kọ́kọ́ lọ, oríkì mi sì tẹ̀ lé e. Láti kékeré, bí mo bá dọ̀bálẹ̀ kí yín láàárọ̀, ẹ ó kì mí kí n tó dìde. Ó wá di pé mo dọ̀bálẹ̀, ẹ kàn ní kí n dìde, bí ẹni ń dá àlejò lóhùn. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohun tí mo fẹ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ kì í dọ̀bálẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀ kó máa ki ara rẹ̀. Mo ṣe é. Àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan, mo nà gbalaja, mo ki gbogbo rẹ̀ bí ẹ ti máa ń kì í, apá ti bàbá, apá ti ìdílé tiyín. Mo rò pé bí ẹ bá gbọ́ díẹ̀, ẹ ó gba ìyókù lẹ́nu mi. Ẹ tẹ́tí títí ó fi parí. Ojú yín tàn. Ẹ nawọ́, ẹ fa etí mi, ẹ ní:

“Ẹni tí ò ń kì yìí, ọmọ gidi ni. Bá mi kí ìyá rẹ̀. Má gbàgbé o.”

N kò sọ pé èmi ni. Ṣé ó yẹ kí n sọ ọ́?

Kí òjò ọdún náà tó dá, ẹ lọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá ṣì máa ń kì mí, ṣùgbọ́n ibi tí ti ìdílé yín ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń dúró. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mọ́ àfi èmi. Nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì tó wà lára pátákó, èyí tí èèyàn ń dá ṣe ló ṣẹ́ kù fún mi.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ẹ rán mi kò sọnù. Ìyá kan ní Ẹdẹ ní kí n bá òun kí yín. Ó ní ọmọ gidi lẹ bí.

Èmi ni ọmọ náà, ìyá mi.