Epo Pupa Nínú Ẹ̀rọ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọjọ́bọ̀, oṣù Kìíní, 1957

Èmi ni mo fà á.

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni kò ti sí epo dísù ní Ìlá, ẹ̀rọ ìlọta ẹ̀gbọ́n mi sì dákẹ́. Èmi tíṣà ni mo lọ kà á fún wọn nínú ìwé pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè fi epo ẹ̀pà ṣiṣẹ́. Wọ́n ní, "A ò ní epo ẹ̀pà, ṣùgbọ́n epo pupa kún ilé."

Lọ́sàn-án àná, ẹ̀rọ mu epo pupa, ó sì ń lọ̀! Gbogbo àdúgbò ń ta sánsán bí ibi tí wọ́n ti ń dín àkàrà. Mo yangàn díẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, ọyẹ́ ti mú kí epo dì nínú páìpù. Ẹ̀rọ kò dún. Àwọn obìnrin gbé igbá àgbàdo dúró, wọ́n ń wò wá. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi wí rárá, ìyẹn ló dùn mí jù.

Ìyàwó wọn ló gbé ìkòkò ẹyin iná wá sábẹ́ páìpù.

"Tíṣà mi, bí ọyẹ́ bá ti dé, ẹ̀bá iná ni mo ti ń yọ́ epo kí n tó se ọbẹ̀ yín. Ẹ ò kúkú bi mí."

Ẹ̀rọ dún kí oòrùn tó mú.

Ọdún keje rèé tí mo ti ń jẹ ọbẹ̀ yẹn.