Ó Lè Jẹ́ Pé Kò Tì Í

                                        Yàrá Kẹrin, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, ọmọ ìyá mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ṣé orúnkún yín ti ń gbà yín láyè láti gun àtẹ̀gùn kíláàsì? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá rédíò jiyàn? Àwọn ọmọ náà ńkọ́, pàápàá àbíkẹ́yìn tó ń fi èédú kọ nǹkan sára ògiri? Mo kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Tiwa níbí, ara le, a dúpẹ́, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi ní ilé tí wọ́n ń kó oògùn sí yìí. Ọ̀gá àgbà wa ò gbọ́ Yorùbá, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Tí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀, èmi ni mo máa ń jókòó ti òṣìṣẹ́, tí n ó gbọ́ tẹnu rẹ̀, tí n ó sì fọwọ́ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Akọ̀wé ọ̀gá ló máa ń tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Dákẹ́jẹ́ là ń pe obìnrin náà, torí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ wọ́n ju omi ọ̀gbẹlẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, a bá ilẹ̀kùn yàrá òtútù ní ṣíṣí gbayawu. Páálí mọ́kànlélógójì abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ ọwọ́ ti gbóná, gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Bàbá Olùṣọ́, àgbàlagbà tó ti wà lẹ́nu ọ̀nà wa kí wọ́n tó gbà mí síṣẹ́, ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀ náà. Bàbá ní òun tì í. Wọ́n wá ní kí n gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu Ìyá Onígbálẹ̀, tó gba ibẹ̀ kọjá nírọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta. Ó ní òun ò wo ilẹ̀kùn náà dáadáa.

"Ó lè jẹ́ pé kò tì í o," ló wí. "Ó sì lè jẹ́ pé ó tì í. Ẹ má fi mí ṣe ẹlẹ́rìí ohun tí mi ò rí."

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, Bàbá gbé àpò ìwé kan wá bá mi. "Ọmọ mi, bá mi ka èyí. Ó dà bíi pé ohun tó wà nínú rẹ̀ ò dáa."

Wọ́n ní kó lọ rọ́kún nílé. Wọ́n ní Ìyá Onígbálẹ̀ ti jẹ́rìí pé "He can't have locked the door." Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀gbọ́n, tíṣà ni yín, ẹ ti mọ ibi tí bàtà ti ń ta mí lẹ́sẹ̀. Ohun tí obìnrin yẹn sọ ni "He may not have locked it": ó lè jẹ́ pé kò tì í, a ò tíì mọ̀. Ṣùgbọ́n "can't have" ti dájọ́ ní tirẹ̀: kò lè jẹ́ pé ó tì í, irọ́ ni Bàbá ń pa. "Kò" kan ṣoṣo ló kúrò láàárín ọ̀rọ̀, tó lọ dúró síwájú, ó sì lé àgbàlagbà kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ta ló fọwọ́ kan ìwé náà lẹ́yìn mi? Dákẹ́jẹ́ nìkan ni.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Bí mo bá wọlé, á sọ fóònù kalẹ̀. Bí mo bá sún mọ́ tábìlì rẹ̀, á fi ìgúnpá pa fáìlì dé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rí i lẹ́bàá yàrá òtútù, tó bẹ̀rẹ̀, tó ń fọwọ́ tọ́ etí ilẹ̀kùn wò. Kí ni akọ̀wé ń wá níbẹ̀? Dẹ́rẹ́bà wa tún wá sọ fún mi pé àbúrò ọkọ rẹ̀ ń wá iṣẹ́ ọdẹ kiri. Mo ní ehn-ẹ́n! Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ti àpótí tábìlì mi ní kọ́kọ́rọ́. Omi tó bù fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìdí òdòdó ojú fèrèsé ni mo dà á sí.

Ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ara mi ò gbà á mọ́. Mo já wọ ọ́fíìsì rẹ̀, mo bi í pé, "Ta ló sọ 'may' tí mo kọ di 'can't'?"

Ó ṣí fáìlì, ó fa ewé ìwé kan yọ, ó rọra gbé e síwájú mi.

Ọwọ́ mi ni. Báírò aláwọ̀ ewé mi tí n kì í yá ẹnikẹ́ni ni mo fi kọ ọ́. "Can't" ló wà níbẹ̀ rekete. Mo wá àga, mo jókòó.

Dákẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn ju bí mo ṣe gbọ́ ọ rí lọ. "Mo rò pé ohun tí obìnrin yẹn sọ nìyẹn. Ohun tẹ́ ẹ bá kọ lèmi ń tẹ̀. Àmọ́ Bàbá ò jọ òpùrọ́ lójú mi, ni mo ṣe lọ wo ilẹ̀kùn náà. Rọ́bà etí rẹ̀ ti jẹ, irin àgádágodo ò sì dé ojú ihò mọ́. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń pe onífíríìjì. Ó ní ọ̀la lòun ń bọ̀."

Mo bi í léèrè àbúrò ọkọ rẹ̀. Ó ní ìyẹn ti ríṣẹ́ síbòmíràn láti oṣù tó kọjá.

Mo dìde, mo tọ ọ̀gá àgbà lọ, mo jẹ́wọ́. Ó bi mí bóyá àṣìṣe ni, tàbí mo ní nǹkan sí bàbá náà nínú. Ẹ̀gbọ́n, mo sọ fún un pé mi ò mọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo kọ ọ̀rọ̀ Ìyá Onígbálẹ̀ sílẹ̀, Bàbá ti dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà níṣojú àwọn àlejò torí mo gbàgbé káàdì mi sílé, inú sì bí mi gan-an. Ó lè jẹ́ pé ìkánjú ni. Ó lè má jẹ́ ìkánjú. Mo ti tú inú ara mi títí, mi ò rí ìdáhùn.

Onífíríìjì dé lọ́jọ́ kejì. Ó ti ilẹ̀kùn náà níṣojú gbogbo wa, ó yí kọ́kọ́rọ́. Kò pẹ́, ilẹ̀kùn rọra ṣí fúnra rẹ̀. Wọ́n pe Bàbá padà síṣẹ́. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

"Dìde," ló wí. "Ohun tó dùn mí ni pé ìwọ náà ni mo gbé ìwé yẹn wá bá pé kó o bá mi kà á."

Ó ń kí mi láràárọ̀. Àmọ́ kì í pè mí lọ́mọ mọ́.

Ọ̀gá ò lé mi. Ó ní ohun yòówù tí mo bá kọ, kí n kọ́kọ́ kà á padà fún ẹni tó sọ ọ́ ní Yorùbá kó tó fọwọ́ sí i. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ọdún mẹ́fà ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ọwọ́ mi ni gbogbo rẹ̀, mi ò sì fọkàn tán ọwọ́ náà mọ́. Mo ti ń kà wọ́n. Nínú ìwé kẹtàdínlógún ni mo ti rí obìnrin kan tó ń di oògùn sí páálí, tí wọ́n lé lọ́dún méjì sẹ́yìn torí páálí kan tó sọnù. "She can't have checked it," bẹ́ẹ̀ ni mo kọ. Mi ò rántí ohun tí ẹlẹ́rìí sọ. Ẹlẹ́rìí náà sì ti kú.

Wọ́n ní ìlú yín ni obìnrin yẹn kó lọ, pé ó ń ránṣọ nítòsí ibùdó rélùwéè. Ó ga, ó dúdú, ó ní àpá lójú òsì, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín kó tó fèsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá a. Ẹ bi í ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, bó bá ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ gẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹ má túmọ̀ rẹ̀.

Ẹ bá mi kí Bàbá àwọn ọmọ àti àwọn ará ilé gbogbo. Ojú mi wà lọ́nà.

Àbúrò yín tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín tọ́,
Kékeré