Ìdí tí Ìyá Akọni fi Máa ń Kú ní Ojú Ewé Kejì

Yàrá Ẹ̀yìn, Ẹ̀gbẹ́ Kànga,
Ilé Bàbá Onílé.
Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn iṣẹ́.

Pẹ́ńsùlù, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Kí o tó kà á síwájú, wá nǹkan dì mú. Ẹni tó ń kọ̀wé sí ọ yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ mọ́. Lánàá, èmi nìkan ṣoṣo, pẹ̀lú ìbòjú irin lójú, ni mo wọ àárín ìpàdé àwọn ayálégbé. Mo la ẹnu, mo sọ òtítọ́, ohùn mi sì mi ilé títí páànù méjì fi ṣí lórí òrùlé. Bàbá Onílé ṣubú sẹ́yìn tàgatàga. Àkọ́bí rẹ̀ tọ̀ sí ṣòkòtò. Àwọn adìyẹ tó wà níbẹ̀ kò tíì yé ẹyin títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ó dáa, jẹ́ n kí ọ ná, kí o má baà sọ pé òkìkí ti gba ẹ̀kọ́ ilé lọ́wọ́ mi. Báwo ni ara? Ṣé ara ìyá yín ti le dáadáa? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun bàbá yín ti fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀? Àbúrò rẹ aláìléyín ńkọ́, ṣé eyín iwájú ti hù, àbí èrìgì ló ṣì fi ń bá ẹran jà? Ṣé ibi tí ẹ kó lọ ti mọ́ yín lára? Yàrá tí ẹ fi sílẹ̀, ẹni tó ń rán bàtà ló wà níbẹ̀ báyìí. Ó máa ń hanrun bí ọkọ̀ ẹlẹ́rù tó ń gun òkè. Ní tiwa, ara le, títí kan àbúrò mi kékeré, ọkàn ni kò le.

Wọ́n ti mú ẹ̀gbọ́n mi, Pẹ́ńsùlù. Púlọ́mbà wa náà, ẹni tó kọ́ àwa méjèèjì bí wọ́n ṣe ń súfèé. Pọ́ǹpù tó ń fa omi kànga ni wọ́n jí. Ẹ̀gbọ́n mi ló tún un ṣe gbẹ̀yìn, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ilé pọ́ǹpù wà, Bàbá Onílé sì ní òun ò tún wá ẹ̀rí mìíràn lọ. Àwọn ọlọ́pàá dé, wọ́n wọ́ ọ lọ tòun ti sípánà lápò. Aṣọ oníbàárà ni ìyá mi ń rán lọ́wọ́ lórí fàráńdà. Ó sáré tẹ̀ lé wọn, ó ń bẹ̀ wọ́n, abẹ́rẹ́ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, kò rántí yọ ọ́.

Mo lọ wò ó ní àgọ́ wọn. Ó ti rù. Ó fi ojú sí àárín irin, ó ní, "Àsọrégèé, ṣé o ti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ pé ogójì ọlọ́pàá ló mú mi?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọgọ́ta ni mo sọ."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ètè rẹ̀ tó ti gbẹ sì ya, ẹ̀jẹ̀ jáde. Láti ìgbà náà, n kò tíì fẹ́ pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n ń gbé e lọ sí kóòtù, wọ́n sì ní tó bá ti ti ibẹ̀ kọjá sẹ́wọ̀n, ó di kí irun kó funfun.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyí: mo mọ olè náà.

O mọ̀ pé wẹ́dà ni mo ń kọ́ṣẹ́ rẹ̀ báyìí. Dígí ìbòjú wa dúdú bí ìdí ìkòkò. Bí iná kò bá tàn, o ò lè rí ọwọ́ ara rẹ. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n mú ẹ̀gbọ́n mi, mo ti fa ìbòjú bojú, mo fẹ́ jó géètì kan, ni òórùn kan bá wọ ṣọ́ọ̀bù ṣáájú ẹni tó ni ín. Lọ́fínńdà! Àkọ́bí Bàbá Onílé, tí àwa fúnra wa sọ lórúkọ nítorí pé o máa gbóòórùn rẹ̀ kí o tó rí i. Ó ní kí ọ̀gá mi bá òun pààrọ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ kan. Ọ̀gá gbé e ka iwájú mi. Lọ́fínńdà dúró tì mí, ó ní, "Ọmọṣẹ́, ṣe kíá, mò ń lọ síbì kan." Kò mọ̀ pé ọmọ ilé bàbá òun ló wà lábẹ́ irin.

Mo tanná. Nínú iná yẹn ni mo ti rí ojú ibi tí wọ́n ti jó ẹsẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni! Ìjórin mi máa ń dá kóbokòbo ni, ìgbẹ́ ewúrẹ́ ni ọ̀gá mi ń pè é. Wẹ́dà kì í ṣi ti ara rẹ̀ mọ̀. Pọ́ǹpù tí wọ́n ní ẹ̀gbọ́n mi jí gan-an ni: èmi ni mo jó ẹsẹ̀ yẹn sí i nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń tún un ṣe.

Bí Lọ́fínńdà ṣe gbé e lọ, mo fa ọ̀gá mi láṣọ. Ó ti mọ̀ kí n tó sọ ọ́. Ó ní, "A kì í bi irin léèrè orúkọ bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ là ń ṣe, àwa kọ́ ni adájọ́. Ta ló ni ilẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù yìí wà?"

Bàbá Onílé ni. Òun ló ni ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, òun ló ni yàrá wa, òun ló ni fàráńdà tí ìyá mi gbé máṣíìnì sí. Pẹ́ńsùlù, bóyá òun náà ló ni afẹ́fẹ́ tí mò ń mí yìí.

Ìgbà yẹn ni gbogbo ìwé aláwòrán tí a ti ń kà yé mi. Ṣé o rántí ìjà wa nígbà tí à ń ya Òjìji-Ọ̀sán, akọni tiwa? Mo bi ọ́ pé kí ló ń sọ èèyàn gidi di ẹni tó ń fi nǹkan bojú káàkiri àdúgbò láti gbèjà ẹlòmíràn. O ní ìbínú ni. Mo ní rárá o, aṣọ tó rẹwà ni. Àwa méjèèjì ò mọ nǹkan kan. Ìbínú wà lára gbogbo èèyàn. Ayálégbé mélòó ló ń bínú nínú ilé yìí, ṣebí wọ́n ṣì ń kí Bàbá Onílé pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀? Ohun tó ń lé akọni jáde ni pé ó mọ ọ̀rọ̀ kan tí kò lè gbé mì, àwọn tó yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ sì ti di etí. Ìbòjú náà, kì í ṣe láti dẹ́rù ba olè. Kí wọ́n má baà mọ ilé tí wọ́n máa lọ jó ni.

Bí Lọ́fínńdà kò bá dá mi mọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, mo ní á jẹ́ pé ìbòjú ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Lánàá tí ìpàdé ń lọ lọ́wọ́, mo gbé e pamọ́ sábẹ́ ẹ̀wù, mo dé igun ilé, mo fà á bojú, mo yan wọlé bí ọba.

Pẹ́ńsùlù, mo gbàgbé pé kò sí iná nínú àgbàlá.

Òkùnkùn biribiri! Mo fi orí sọ àgbá omi. Mo yí padà, mo tẹ adìyẹ mọ́lẹ̀. Mo tún yí padà, mo dúró ṣinṣin, mo nawọ́ síwájú bí Òjìji-Ọ̀sán ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo nawọ́ sí.

Ẹnì kan ní, "Ta lèyí o?"

Aránbàtà ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, wẹ́dà ni. Ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn ò kúkú ṣeé tì."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ẹ̀rín Lọ́fínńdà láàárín wọn. Mo sì la ẹnu. Ìyókù, o ti kà á lókè.

Jọ̀ọ́, mo ní iṣẹ́ kan láti rán ọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń ṣe akọ̀wé ní kóòtù, bá mi bi í léèrè kí Mọ́ńdè tó pé: ṣé adájọ́ lè gba ẹ̀rí ẹni tó bo ojú? Má rẹ́rìn-ín. Bí ó bá ní kò ṣeé ṣe, bi í bóyá wọ́n lè gbọ́ mi láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Fi ẹni tó gbé lẹ́tà yìí wá rán èsì sí mi. Má jẹ́ kó di ọ̀la.

Bá mi kí bàbá àti ìyá. Bá mi kí aláìléyín, sọ fún un pé kó má fi eyín tuntun gé ahọ́n jẹ.

Mo mọ̀ pé o máa bi mí pé, bí mo bá sọ ọ́ tí páànù fi ṣí, kí ló dé tí ẹ̀gbọ́n mi fi ṣì wà látìmọ́lé? O gbọ́n jù, ìyẹn ni n kò ṣe fẹ́ràn rẹ. Páànù kò ṣí. Ẹnikẹ́ni kò ṣubú, ẹnikẹ́ni kò tọ̀ sára. Bí mo ṣe la ẹnu báyìí ni ọwọ́ kan bà mí léjìká. N kò rí i, ṣùgbọ́n mo mọ orí ìka yẹn, abẹ́rẹ́ ti gún un le. Ìyá mi gbé ẹnu sí etí irin náà, ó ní, "Ọkọ mi, mo mọ̀. Mo rí ọmọ wọn nígbà tó ń gbé e sínú ọkọ̀. Má sọ ọ́. Ibo ni àbúrò rẹ máa sùn?"

Ìdí nìyẹn tí ìyá akọni fi máa ń kú ní ojú ewé kejì nínú gbogbo ìwé wọ̀nyẹn. Ìwọ náà lo ní kí a pa ìyá Òjìji-Ọ̀sán, o ní bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní lè jáde nílé. Ìyá tèmi wà láàyè, kí Ọlọ́run bá mi dá a sí. Àwa méjèèjì la jọ jókòó sílé, tí a mọ̀ ọ́n, tí a ò sì wo ojú ara wa.

Ìbòjú jẹ́ òótọ́. Ìpàdé jẹ́ òótọ́. Adìyẹ jẹ́ òótọ́. Ibi tí mo ti ní mo sọ̀rọ̀ ni irọ́.

Èmi náà ni, tìrẹ títí,
Àsọrégèé