Àsìkò Tí Reluwé Dá Padà Fún Mi

Àǹtí Retno, ẹ kú iṣẹ́ orí rédíò o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́. Bekasi ni mò ń gbé, Jakarta ni mo ti ń ránṣọ níléeṣẹ́. Nígbà tí ìjọba ṣe reluwé tuntun tó dín wákàtí kan kù nínú ìrìn mi láàárín ìlú méjèèjì, inú mi dùn pé n ó máa bá Laras, ọmọ mi, lójúfò.

Àfi bí ọ̀gá wa ṣe ní, "Ẹ̀yin ará Bekasi, ọ̀nà yín ti yá. Ẹ fi wákàtí kan kún iṣẹ́."

Mo ní, "Ọ̀gá, ọmọ mi ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Torí ọmọ ẹ ni wọ́n ṣe reluwé?"

Lánàá, ẹnu ọ̀nà ni Laras sùn sí níbi tó ti ń retí mi. Ó rẹ̀ mí o. Ẹ̀yin ìyá tó ń gbọ́ wa, ṣé ẹ máa kọ̀, kódà bí wọ́n bá máa lé yín lẹ́nu iṣẹ́, àbí ẹ máa dákẹ́ ṣe é bíi tèmi?