Orúkọ Yín Kò Sí Nínú Ìjúbà Wa

Bàbá mi tí kì í bínú sí mi,

Ẹgbẹ́ àwa ọ̀dọ́ oníṣẹ̀ṣe tó ń pàdé ní Ìkòtún ní kí n kọ orúkọ àwọn aṣáájú tí a ó máa júbà fún kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Mo kọ méjìlá. Tiyín kò sí níbẹ̀.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ wá bá wa? Ẹ wọkọ̀ láti Egan, ẹ fi ọ̀rá wé ìwé márùn-ún tí ẹ fi pẹ́ńsù kọ. Pẹ́ńsù ni ẹ máa ń lò, nítorí ẹ gbà pé èrò yín lè yí padà. Gbogbo ọdún tí ẹ fi bọ Ọ̀ṣun, tí ẹ sì ń ronú lé e lórí, ló wà nínú wọn. Àlàbí, olórí wa, kò tilẹ̀ jẹ́ kí ẹ tú ọ̀rá náà.

"Bàbá, ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń wọ sùtánà tẹ̀ lé ìyàwó yín lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè? Òrìṣà wo lẹ wá fẹ́ kọ́ wa, èyí tó ń jẹ àbẹ́là?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n wá yíjú sí mi, mo sì dá wọn lóhùn:

"Ẹ má wò mí jàre. Ayé àtijọ́ ni wọ́n ṣì wà."

Nígbà tí a ń lọ sílé, ohun tí ẹ bi mí ni bóyá mo ti jẹun. Kí ló dé tí ẹ kò gbá mi létí?

Ẹ̀yìn ìsìnkú yín ni mo tó ṣí àwọn ìwé náà. Nínú ìkẹta, ẹ kọ ọ́ pé kì í ṣe torí pé àwọn aṣáájú kò ṣàṣìṣe la ṣe ń júbà wọn. À ń júbà kí a tó bá wọn jiyàn, kí ayé lè mọ ẹni tó kọ́ wa lọ́rọ̀. Lẹ́yìn náà lẹ dárúkọ bàbá tiyín, tí ẹ sì kọ ibi tí àwọn náà ti ṣàṣìṣe. Mo ti ka ìwé ọ̀mọ̀wé púpọ̀ lórí ìṣẹ̀ṣe. N kò rí èyí tó là á yé mi tó bẹ́ẹ̀.

Mo dà á kọ. Mo kà á ní ìpàdé bíi tèmi.

"Ọpọlọ rẹ pé o!" Àlàbí ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Bí mo bá dárúkọ yín nínú ìjúbà, ẹnì kan á béèrè ohun tí ẹ kọ́ wa, màá sì ní láti mú ìwé yín jáde. N kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ìjúbà ń dé etí òkú. Bí kò bá ń dé ibẹ̀, kí ni mo fi dù yín? Bó bá ń dé ńkọ́?

Lánàá, mo ka orúkọ méjèèjìlá. Bùsáyọ̀, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́, nawọ́.

"Bàbá tiyín tó kú ńkọ́, sà? Àbí wọn ò kọ́ yín ní nǹkan kan ni?"

"Wọn ò kọ́ mi ní nǹkan kan. Èmi ni mo kọ́ ara mi."

Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí wọ́n ń pè ní Olùkọ́ báyìí.